Ìsokókó tàbí ìránpọ̀: èwo ló bá iṣẹ́ abẹ kíndìnrín mu?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n kan dá a lábàá pé ká máa pe rírán tí wọ́n ń rán kíndìnrín pa dà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi róbọ́ọ̀tì gé ibi tó lárùn kúrò, ní “ìsokókó kíndìnrín”. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò lè gbà á wọlé.

Aláìsàn ni mo kọ́kọ́ rò. Kókó tí dókítà rí nínú ara rẹ̀ ló gbé e dé ọsibítù. Bó bá wá gbọ́ pé wọ́n ti so kókó sí kíndìnrín òun, ọkàn rẹ̀ á ṣe balẹ̀? Kò yẹ kí àrùn àti ìwòsàn máa jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ tún wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó gé e, wọ́n sábà máa ń há iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wọ kíndìnrín, kí ẹ̀jẹ̀ má baà bo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ kí híhá yìí kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, torí ìyà ń jẹ kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ ò dé. Ẹran rẹ̀ tún rọ̀ débi pé òwú tí wọ́n bá so le koko lè là á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi í so kókó lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Wọ́n á ki òwú gba etí ọgbẹ́ méjèèjì, wọ́n á fi klíìpù ike kékeré há a níta, wọ́n á wá máa sún klíìpù náà lórí òwú títí etí ọgbẹ́ á fi pàdé. Ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì ò jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí òwú ṣe fún tó. Ojú ló fi ń wò ó. Bí ibi tí klíìpù tẹ̀ bá ti jin díẹ̀, ó tó.

Níbo ni síso kókó wà nínú èyí? “Ìránpọ̀” ló bá a mu. “Ìránpa” tí ẹlòmíì mú wá dára létí onígírámà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ “pa” lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù?

Ẹ jẹ́ ká pe ìpele rírán tó ń dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀nà ìtọ̀ tí abẹ gé nínú ọgbẹ́ ní “ìránpọ̀ inú”, ká pe ìpele ti èèpo kíndìnrín ní “ìránpọ̀ òde”. A nílò méjèèjì, torí àwọn kan ti ń fi ti òde sílẹ̀ kí wọ́n má baà fún ẹran tó dá ṣáṣá pa. Ti klíìpù á jẹ́ “ìránpọ̀ oníklíìpù sísún”. Òwú tó ní ẹ̀gún wínníwínní, tí kì í yọ̀ pa dà bí wọn ò tiẹ̀ so ó, “òwú ẹlẹ́gùn-ún” ti tó o.

Mo tún bẹ̀ yín, “iṣẹ́ abẹ àfiróbọ́ọ̀tìṣe” ni ká kọ, kì í ṣe “iṣẹ́ abẹ róbọ́ọ̀tì”. Oníṣẹ́ abẹ ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ló ń darí abẹ́rẹ́.