Owó asáré: ohun tó yẹ ká wò kí ọmọ tó fọwọ́ sí ìwé onígbọ̀wọ́

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa níbí ń sá 400m, ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ilé-iṣẹ́ bàtà kan ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí i, ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Inú wọn dùn nílé, wọ́n ní kó tètè fọwọ́ sí i kí àwọn yẹn má bàa yí ọkàn padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, kí ni kó wò? Àti pé, ṣé owó ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún wọn níbi ìdíje ò tó wọn í jẹ ni?

Ẹ̀gbọ́n Houston

Ẹ kú àmójútó ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀.

Owó ẹ̀bùn kì í tó jẹ, àfi fún ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀. Níbi ìdíje àgbáyé ti World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé, wúrà jẹ́ $70,000, fàdákà $35,000, idẹ $22,000, ẹni kẹjọ $5,000. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é. Ní Diamond League, ọ̀wọ́ ìdíje ọlọ́dọọdún tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ní ìdíje kan ń mú $10,000 lọ, ó kéré tán, ṣùgbọ́n ní 400m, èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án péré ni wọ́n máa ń pè wá sórí ìlà. Olympic fúnra rẹ̀ kì í sanwó. World Athletics ló fi $50,000 sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba wúrà ní Paris 2024, àwọn tó gba fàdákà àti idẹ ò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀.

Ẹ wo Tobi Amusan wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní Eugene 2022, ó gba $70,000 fún wúrà, ó tún gba $100,000 lórí rẹ̀ nítorí pé ó fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ti 100m hurdles (eré ìfò ìdènà) pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Ní Tokyo 2025, fàdákà ló gbà, $35,000 nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì, ẹni tí mo sì ń sọ yìí ni ẹni tó yá jù láyé nínú eré rẹ̀. Olùkọ́, oníwọ́ra, ilé àti oúnjẹ kì í dúró de ìdíje àgbáyé. Owó onígbọ̀wọ́ ló ń gbọ́ bùkátà ìwọ̀nyẹn.

Owó ẹ̀bùn tún máa ń pẹ́ kó tó dé. Ó dìgbà tí èsì àyẹ̀wò oògùn bá jáde kí wọ́n tó san án, ìyẹn lè gba oṣù mélòó kan. Ìdíje tuntun sì lè ṣèlérí ohun tí agbára rẹ̀ ò ká. Ní 2025, Grand Slam Track ní àwọn yóò fún ẹni tó bá borí ní $100,000. Wọ́n ṣe mẹ́ta, wọ́n fagi lé ìkẹrin tó yẹ kó wáyé ní Los Angeles, ọ̀pọ̀ asáré sì dúró de owó wọn fún oṣù gbọọrọ. Kí ọmọ má fi owó tí kò tíì wọ báǹkì san owó ilé.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Ó wá ku ìwé àdéhùn. Ẹ má kọ́kọ́ wo iye tó wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "reduction" sí. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò.

Ẹ jẹ́ ká ní $30,000 ni wọ́n kọ fún ọdún kan. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé bí kò bá sí nínú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé níparí ọdún, àwọn á yọ 25%. Wọ́n tún ní bí ìdíje tó sá lọ́dún ò bá pé mẹ́wàá, àwọn á yọ 20%. Lójú ẹni tára rẹ̀ le, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí iṣan itan bá já, méjèèjì á bá a pọ̀ ni, torí ẹni tí kò sá eré ò lè wà nípò. Bó bá jẹ́ orí $30,000 ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì, $16,500 ló kù. Bó bá jẹ́ pé orí èyí tó kù lẹ́yìn àyọkúrò àkọ́kọ́ ni wọ́n ti yọ èkejì, $18,000 ló kù. Gbólóhùn kan ló fa $1,500 yẹn. Aṣojú sábà máa ń gba 15% lórí owó onígbọ̀wọ́, nítorí náà $16,500 á di $14,025 kí owó orí tó dé.

Ohun tó yẹ kó béèrè: kí wọ́n má yọ nǹkan kan lọ́dún kìíní, kí gbogbo àyọkúrò ọdún kan má ju iye kan lọ, ká ní 25%, ohun yòówù tó lè ṣẹlẹ̀, kí kíka iye ìdíje dúró bí dókítà bá kọ̀wé pé ó farapa. Kí wọ́n sì kọ irú ipò tí wọ́n ń sọ gan-an. Nǹkan méjì ni. World Rankings ń ka àmì, ó ń da èsì ìdíje márùn-ún pọ̀ fún 400m, ó sì ń fi àmì kún un nítorí ipò tí èèyàn ṣe àti bí ìdíje náà ti tóbi tó. Àkójọ ti ọdún, ní tirẹ̀, aago tó dára jù lọ tí èèyàn fi sáré nìkan ló ń wò. Ọmọ lè jẹ́ ẹni kẹjọ nínú ọ̀kan kó sì jẹ́ ẹni ogún nínú èkejì. Bí ìwé bá kọ "ranked" lásán, ilé-iṣẹ́ ló máa yan èyí tó wù ú.

Ọmọbìnrin ni, nítorí náà kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ oyún sílẹ̀ kedere. Ní 2019, Allyson Felix jáde sọ̀rọ̀ pé Nike fẹ́ san ìdá 70% dín sí iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé wọn ò ní fìyà jẹ òun bí kò bá sáré dáadáa ní àwọn oṣù tó yí ìbímọ ká. Lọ́dún yẹn kan náà ni Nike yí ìlànà padà, wọ́n ní àwọn ò ní yọ owó fún oṣù 18. Iye oṣù ni kó béèrè fún. "A ó gba tirẹ̀ rò" kì í ṣe àdéhùn.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹ̀tọ́ ìdọ́gba. Ìyẹn ni pé bí àdéhùn bá parí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn sì fẹ́ ẹ, àwọn àkọ́kọ́ lè san iye kan náà kí wọ́n sì dá a dúró. Ohun tó kó Boris Berian tó ń sá 800m sí wàhálà nìyẹn ní 2016. New Balance fẹ́ fún un ní $125,000 lọ́dún láìsí àyọkúrò kankan. Nike ní àwọn ti dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́. Bóyá ìdọ́gba láìsí àyọkúrò ni, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí wọ́n yan ẹgbẹ́ Olympic Amẹ́ríkà kí Nike tó fà sẹ́yìn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń kọ fún ẹ̀tọ́ yìí. Kó ní kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbọ̀n ọjọ́, kó sì jẹ́ pé gbogbo ìlà ni wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba, kì í ṣe owó nìkan.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Háà, ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Ó kù kan: iléeṣẹ́ kan tó ń bá wa fowó ránṣẹ́ sílé ti bá a sọ̀rọ̀ lórí Instagram, ẹlòmíì tó ń ta ìyẹ̀fun púrótéènì náà sì kọ̀wé. Ṣé ó lè gba wọ́n?

Àbúrò Atlanta

Ẹ káàárọ̀ mà. Ó lè gba wọ́n, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ka ohun tí ilé-iṣẹ́ bàtà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dúró sórí bàtà àti aṣọ, wọ́n á kó báàgì, jígí ojú àti aago ọwọ́ mọ́ ọn. Owó fífiránṣẹ́ kò sí lára ìyẹn, nítorí náà onífowóránṣẹ́ rọrùn. Kó ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tó ń wọ̀ sára nìkan.

Kó má fi lẹ́tà ìbẹ̀bẹ̀ wá onígbọ̀wọ́. Ojú ewé kan ṣoṣo tó: àwòrán kan tó ń sáré, aago tó dára jù lọ àti ọdún tó sá a, ìdíje tó kàn àti ọjọ́ rẹ̀, ìlú tí àwọn tó ń tẹ̀lé e ń gbé àti ọjọ́ orí wọn (Instagram ń fi èyí hàn án), lẹ́yìn náà iye owó mẹ́ta: fídíò kan, oṣù mẹ́ta, ọdún kan. Asáré tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ń tẹ̀ lé, tó sì jẹ́ pé ìlàjì wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní London, wúlò fún onífowóránṣẹ́ ju ẹni tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì tó fọ́n káàkiri ayé ń tẹ̀ lé lọ. Ìyẹn ni kó kọ sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni àwòrán. Ayàwòrán ló ni àwòrán ìdíje, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ra ẹ̀tọ́ ló sì ni fídíò rẹ̀. Bó bá fi wọ́n polówó ọjà, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n ní kó sanwó. Níbi ìdánrawò ni kó ti ya tirẹ̀. Kó gbé fóònù sílẹ̀ lóròó sétí ọ̀nà eré, níbi tí ìyíká ti ń tú jáde sí ọ̀nà tààrà, kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí ojú tó wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30 tó. Dídi okùn spikes (bàtà eré oníṣó), bí èéfín ṣe ń jáde lẹ́nu láàárọ̀ òtútù, ìyẹn làwọn èèyàn ń dúró wò.

Kó sì kọ iye ọjọ́ tí ọlọ́jà lè lo fídíò náà sínú àdéhùn: ọgbọ̀n tàbí àádọ́rùn-ún. Bó bá kọ "in perpetuity", ó ti tà á pátápátá nìyẹn. Ní Britain àti Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba pé ìpolówó ni. #ad lókè ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe abẹ́ hashtag ogún.

Ara ló tún kù láti tà. Nick Symmonds, ará Amẹ́ríkà tó ń sá 800m, gbé èjìká rẹ̀ sórí eBay ní 2012, ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan san $11,100 láti ya àmì wọn sí i. Ní 2016, ọ̀gá T-Mobile san $21,800. Nígbà tó bá fẹ́ sáré, tẹ́ẹ̀pù ló fi ń bo àmì náà, torí òfin ò gbà á. Ariwo tẹ́ẹ̀pù yẹn gan-an ló sọ àmì náà di mímọ̀. Bí ọmọ yìí bá fẹ́ kọ orúkọ onígbọ̀wọ́ sí ibikíbi lára aṣọ, kó béèrè lọ́wọ́ olùṣètò ìdíje kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ìyẹ̀fun yẹn ńkọ́? Bí kò bá sí àmì Informed Sport (àwọn tó ń yẹ irú ọjà yìí wò bóyá oògùn tí òfin kọ̀ wà nínú rẹ̀) lára agolo, kó kọ̀ ọ́. Bó bá wà níbẹ̀, kó fi nọ́ńbà batch tó wà nísàlẹ̀ agolo wé èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, torí batch kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpín tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kó ya àwòrán nọ́ńbà náà pa mọ́. Àgbo tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ látilé náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, mà. Ohun tí àyẹ̀wò oògùn bá ti bá lára rẹ̀, òun ló ni ín, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì dá a dúró, ọ̀pọ̀ àdéhùn onígbọ̀wọ́ ló ní ìlà tó lè pa á rẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àǹtí Leeds

Àbúrò, o ṣeun. Kí n fi ti owó orí kún un.

Bí owó tó wọlé látinú gbogbo èyí bá ti ju £1,000 lọ láàárín April 6 sí April 5, kó forúkọ sílẹ̀ fún Self Assessment (ìwé tí èèyàn fi ń ṣírò owó orí ara rẹ̀) kí October 5 tó tẹ̀ lé e tó kọjá, kó sì fi ìwé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí January 31 tó pé. Bàtà tí wọ́n fún un kó lè polówó náà lè di owó lójú HMRC, àwọn agbowó orí Britain, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Owó olùkọ́, ọkọ̀ òfuurufú sí ìdíje àti ti aṣojú ń bọ́ kúrò lára èrè, ṣùgbọ́n rìsíìtì gbọ́dọ̀ wà.

Lórí invoice, kó kọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ san án. Bí ilé-iṣẹ́ Britain bá pẹ́, òfin fún un ní èlé 8% lórí èlé Bank of England, pẹ̀lú £40 bí gbèsè náà ò bá tó £1,000, £70 bó bá tó £1,000 ṣùgbọ́n tí kò tó £10,000. Ìlà kan lórí invoice tó dárúkọ òfin yìí máa ń jẹ́ kí wọ́n yára.

Ìbéèrè pàtàkì: irú fisà wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bó bá jẹ́ Student, òfin ò gbà á kó ṣe iṣẹ́ asáré tó ń gbowó, kò sì gbà á kó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Fisà ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kan ìwé àdéhùn.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ọmọ ìlú ni, mà. Wọ́n bí i sí King's College Hospital.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá sáré gbowó ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè yọ 30% lára owó náà kó tó kúrò níbí. Àdéhùn owó orí láàárín Britain àti Amẹ́ríkà dá asáré sí bí gbogbo owó tó rí níbí lọ́dún náà ò bá ju $20,000 lọ, ibi tó ń gbé ni wọ́n sì ń wò. Nàìjíríà ò ní irú àdéhùn yẹn pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹni tó ń gbé ní Èkó ò lè lò ó. Bó bá máa ju iye yẹn lọ, Form 13930 ni kí ó fi béèrè kí wọ́n dín in kù, ó kéré tán ọjọ́ 45 kí ìdíje tó wáyé.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́jì níbí pẹ̀lú F-1 (fisà akẹ́kọ̀ọ́), ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé NIL, ìlànà tó jẹ́ kí eléré kọ́lẹ́jì máa fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ pawó, tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2021, ti tú okùn fún yín. NCAA, àjọ eré ìdárayá kọ́lẹ́jì, ló tú tirẹ̀. Òfin fisà ò yí padà. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ìyá Ìbejì, kó má fọwọ́ sí i lónìí, kó má sì kọ̀. Kó kọ ọ́ sí wọn pé òun dúpẹ́, òun fẹ́ kí agbẹjọ́rò kà á, òun á fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àti pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi àpẹẹrẹ ìṣirò ránṣẹ́: iye tí wọn yóò san lọ́dún tó bá farapa. Kó fi nọ́ńbà béèrè, kí àwọn náà fi nọ́ńbà dáhùn. Bí ìdáhùn bá dé, ẹ bo orúkọ ilé-iṣẹ́ kí ẹ sì gbé e wá síbí, a ó jọ kà á.