Ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run lè bá òfin àdánidá gbé pọ̀?

Olùkọ́ Físíìsì, Ṣágámù:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí a jọ fi sùúrù yẹ̀ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama pé a kì í dá agbára, a kì í sì í pa á run, pé ńṣe ló ń yí padà láti ìrísí kan sí òmíràn. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, èmi kan náà yóò dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, n óò sì ṣe àmín sí àdúrà pé kí Ọlọ́run dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ìbéèrè mi kì í ṣe bóyá Ọlọ́run wà. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ẹni tó bá gbà tọkàntọkàn pé òfin àdánidá kì í yẹ̀, ṣé ó ṣì lè sọ pé Ọlọ́run ń ṣe nǹkan kan nínú ayé, láìtan ara rẹ̀ jẹ?

Èsì kan wà tí n kò fẹ́, èyí tó ní ibi tí ìmọ̀ wa bá mọ ni iṣẹ́ Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀. Isaac Newton, onígbàgbọ́ tó gbé òfin òòfà rẹ̀ jáde ní 1687, rò pé bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa ara wọn yóò máa da ìrìn wọn rú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di dandan kí Ọlọ́run tún un tò. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìwé náà, Laplace, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi ìṣirò hàn pé ìyàtọ̀ tí wọ́n ń rí nínú ìrìn Júpítà àti Sátọ̀n máa ń padà sípò fúnra rẹ̀. Bí a bá ń fi Ọlọ́run dí àlàfo ìmọ̀ wa, bí ìmọ̀ bá ṣe ń gbòòrò ni àyè Rẹ̀ yóò máa dín kù. N kò lè sin irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà wa. Mùsùlùmí ni mí, mo sì rò pé ojú tí a fi ń wo òfin yìí ni ìṣòro ti ń wá. Bí nǹkan ṣe máa ń rí ni òfin àdánidá ń sọ fún wa. Kò sọ ẹni tó mú kí ó máa rí bẹ́ẹ̀. Al-Ghazali, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn tó kú ní 1111, fi òwú àti iná ṣe àpẹẹrẹ: a máa ń rí i pé òwú jó nígbà tí iná kàn án, ṣùgbọ́n ojú wa kò rí ohun tó so méjèèjì pọ̀ ní túláàsì. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run ló ń mú un jó nígbà gbogbo. Ibn Rushd, Mùsùlùmí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Córdoba ní Sípéènì, ta kò ó, ó ní ẹni tó bá sọ pé nǹkan kò ní okùnfà ti ba ìmọ̀ jẹ́ láti ìdí. Ti Ibn Rushd ni mo gbà, nítorí iná ní ìwà tirẹ̀ tí Ẹlẹ́dàá fi sínú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tó rò pé ètò ayé lé Ọlọ́run jáde. Àl-Kùránì sọ pé a kò ní rí ìyípadà nínú ìlànà Allāhu, Bíbélì tiyín náà sì sọ nínú Jẹ́nẹ́sísì 8:22 pé ìgbà irúgbìn àti ìgbà ìkórè kò ní dẹ́kun.

Ará Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún àlàyé yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi bọpo bọyọ̀. Èmi kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ìlú wa níbí ni Tai Solarin dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Bí iná yóò bá jó òwú bákan náà, yálà Ọlọ́run wà tàbí kò sí, kí ni orúkọ Rẹ̀ fi kún àlàyé? Mo gbà pé kò sí ìtakora níbẹ̀, ṣùgbọ́n àìsí ìtakora kò sọ nǹkan di òótọ́. Ẹ̀rù àwọn tó ń fi àdúrà rọ́pò ìtọ́jú sì ń bà mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Àbúrò mi, ẹ̀rù yẹn ń ba èmi onígbàgbọ́ náà, nítorí mo ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àfẹ́sọ́nà á wá ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, èsì á jáde pé AS ni ọkùnrin, AS ni obìnrin. Òfin tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ojúsàájú: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), ìdá méjì pé kí ó jẹ́ AS, ìdá kan pé kí ó jẹ́ AA. Oyún kejì kì í wo ti àkọ́kọ́. Bíbí ọmọ SS kan kò túmọ̀ sí pé àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Mo ti gbọ́ tí òbí AS méjì ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run yí ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn padà, nítorí pé AA ni ọmọ náà. Mo bá wọn yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n dúpẹ́, àmọ́ AA wà nínú òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá torí ẹ̀rí yìí sọ fún àwọn mìíràn pé kí wọ́n má ka èsì àyẹ̀wò sí, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀: ọmọ ọwọ́ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń ké láti òru mọ́jú, tí kò sì lè sọ ibi tó ń dùn ún.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ìlànà àjogúnbá yìí ni Gregor Mendel, mọ́ńkì ìjọ Àgùdà ní ìlú Brno, tó gbin píìsì, irú ẹ̀wà kan, sínú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì, tó ka irúgbìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1866. Èmi náà máa ń gbàdúrà kí n tó pe àwọn àfẹ́sọ́nà wọlé. Ọgbọ́n àti ẹnu tútù ni mo máa ń tọrọ, n kì í tọrọ pé kí AS di AA lórí ìwé.

Olùkọ́ Físíìsì, Ṣágámù:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin Màmá Nọ́ọ̀sì. Ará Ìkẹ́nnẹ́, òótọ́ lẹ sọ pé orúkọ Ọlọ́run kò fi nǹkan kan kún ìṣirò mi. Ìdí tí ayé fi ní ètò tó ṣeé ṣírò rárá ni mo rò pé ó ń dáhùn. Ní ti iṣẹ́ ìyanu, bí mo bá fi ọwọ́ gbé àgbálùmọ̀ tó ń já bọ́ láti orí igi, òòfà ilẹ̀ kò yẹ̀. Agbára mìíràn ló dá sí i. Ọwọ́ tèmi ṣeé rí, ó sì ṣeé wọ̀n, ti Ọlọ́run kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìgbàgbọ́ ni mo pe ìyẹn, n kò pè é ní ẹ̀rí. Georges Lemaître, àlùfáà Àgùdà tó kọ ọ́ ní 1927 pé àgbáńlá ayé ń fẹ̀ sí i, kò jẹ́ kí wọ́n sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ẹ̀rí ìṣẹ̀dá. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá fẹ́ fi irú ìmọ̀ yìí ti ìgbàgbọ́ lẹ́yìn ní 1951, inú Lemaître kò dùn sí i. Ibi tó dúró sí yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ńkọ́, ará Ìkẹ́nnẹ́: bí kò bá sí ẹni tó ṣètò rẹ̀, kí lẹ rò pé ó fà á tí òfin kan fi wà rárá, tí ayé kò fi jẹ́ rúdurùdu?