Ìsàré, orin, lílé, ègbè àti ohùn mẹ́rin: ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi

Akọrin Tuntun kọ̀wé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ni, mo sì ti rí i pé ìfẹ́ orin nìkan kò tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí àwọn akọrin ń bá ara wọn sọ yé òun. Ìlà soprano ni mo kọ́kọ́ jókòó sí, ṣùgbọ́n nígbà tí adarí wa fi dùùrù yẹ ohùn mi wò, ó ní alto ni mo jẹ́, kí n bọ́ sí ìlà kejì. Kí ni ó gbọ́ nínú ohùn mi tí ó fi pín mi bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè mi kejì ni pé ẹnì kan dábàá pé kí a sun ìjálá níbi ìkórè ọdún yìí, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ sì dáhùn pé ìjálá kì í ṣe orin, pé ìsàré ni, àti pé elégbè kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìsàré. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ń dùn mí jù: kí ló dé tí àwọn orin ìyìn àtijọ́ kan wà tí ènìyàn kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú wọn yé, àfi tí ó bá ṣí ìwé orin lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni a fi ń kọ wọ́n?

Olùkọ́ Èdè fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè. Èyí tí ó kan ìjálá ni mo fẹ́ mú, nítorí òun ni ó sún mọ́ iṣẹ́ mi jù.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé a kì í sọ pé ènìyàn ń kọ ìjálá. Sísun ni à ń sun ìjálá, a ń sun rárà, a sì ń pe ẹ̀sà. Orin ni à ń kọ. Ohùn ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó kàn ń sọ̀rọ̀ lásán ti ń gbé ohùn sókè sódò. Bí ó bá gbé ohùn náà kúrò ní ti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, tí ó fà á gùn, tí ó sì ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ara wọn bí èémí rẹ̀ bá ṣe gbà á, ohun tí à ń pè ní ìsàré nìyẹn. Nínú ìsàré, kò sí ìlù tàbí àtẹ́wọ́ tí ó so ọwọ́ ẹni tí ń sun ún: asùnjálá lè da ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì wá dúró lórí fáwẹ́lì tí ó gbẹ̀yìn bí ó bá ṣe wù ú. Ẹlòmíràn kò lè bá a sun ún pọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò ti dánu dúró. Ní ti orin, ìró kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ àti ìwọ̀n tirẹ̀, gbogbo ènìyàn sì lè gbé e pọ̀. Ìdí nìyí tí asùnjálá fi máa ń lé orin lẹ́yìn tí ó bá ti sun ìjálá fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn tí ó wà ní àgbàlá lè gbè é.

Kókó kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí. Oríkì ìdílé kan náà lè jáde nínú ìjálá, nínú rárà àti nínú ẹ̀sà, ohùn ni a ó sì fi mọ èyí tí à ń gbọ́. Rárà máa ń falẹ̀, ìparí ìlà rẹ̀ a máa gùn bí ohùn ẹni tí ń dárò. Ìjálá, tí í ṣe ti àwọn ọdẹ àti ẹlẹ́sìn Ògún, yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀sà jẹ́ ti àwọn ọ̀jẹ̀ nídìí egúngún. Ẹkún ìyàwó ni ti ọmọbìnrin tí ń lọ ilé ọkọ, ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn pàápàá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa fi orin gbè é lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n n kò lè gbe bàbá yín lẹ́yìn pátápátá lórí ọ̀rọ̀ elégbè. Ẹ wo ìyẹ̀rẹ̀ tí àwọn babaláwo ń sun. Bí ẹni tí ó ń ṣáájú bá ti parí ìlà kan, àwọn yòókù a dáhùn pé "hẹn-ìn," ìyẹn ni pé ó tọ̀nà. Bí ó bá ṣi ẹsẹ Ifá sun, wọn kò ní gbè é mọ́, wọn yóò dá a dúró, wọn yóò sì tún un ṣe. Ègbè wà nínú ìsàré tiwọn, iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni ó sì ń ṣe níbẹ̀. Ní tèmi, èyí wà lára ohun tí ó gbámúṣé jù nínú gbogbo ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà lo ohùn, ó sì dùn mí pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà á fún àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Atẹdùùrù fèsì:

Olùkọ́ ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kí n mú ohùn mẹ́rin.

Soprano, tí ó ga jù, àti alto, tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ni ohùn obìnrin; tenor, tí ó ga, àti bass, tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ni ti ọkùnrin. Tán-án-ná ọkùnrin gùn ju ti obìnrin lọ, ó sì nípọn jù ú lọ, nítorí náà ohùn rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe ibi tí ohùn yín ga dé nìkan ni adarí yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ alto ni ó lè fi agbára kan ìró òkè tí soprano ń kọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró níbẹ̀ fún odidi orin kan, ọ̀fun yóò máa fún wọn, ohùn yóò sì máa gbọ̀n. Ohun tí adarí ń tẹ́tí sí ni ibi tí ohùn ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti jókòó, tí ó sì ti kún. Bí ti yín bá kún nísàlẹ̀, ní agbègbè C àárín dùùrù àti ìró mélòó kan nísàlẹ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé alto ni yín, kò sì rẹ̀ yín sílẹ̀ rárá.

Ìbéèrè yín kẹta ni ó wọ̀ mí lára jù. Ohùn orin òyìnbó ni àwọn tí ó ṣe ìwé orin àtijọ́ gbé wá, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lábẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye sílébù ṣe bá a mu, láì wo ohùn òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ mú "ìlú ayọ̀," tí a fi ń pe ọ̀run nínú orin. Ohùn gbọ́dọ̀ gòkè láti orí "ì" bọ́ sórí "lú." Bí orin bá dúró lójú kan náà níbẹ̀, "ìlù ayọ̀" ni etí yóò gbọ́, ọ̀run sì ti di ìlù. Ọ̀gbẹ́ni T. K. Ekundayo Phillips, tí a bí ní 1884, tí ó sì jẹ́ atẹdùùrù ní kàtídírà Marina ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ yìí kanrí. Ó ṣe orin ìjọ tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn èdè, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Fela Sowande, tí òun náà di olùṣẹ̀dá orin, kọrin lábẹ́ rẹ̀ nígbà èwe.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, nítorí ìṣòro mìíràn wà tí ó jẹ́ ti ẹ̀yin alto gan-an. Ẹ jẹ́ kí á fi sol-fa wò ó, níbi tí "d" (do) wà nísàlẹ̀, tí "m" (mi) ga jù ú lọ, tí "s" (so) sì ga ju "m" lọ: bí soprano bá kọ "m–s" lórí "ìlú," ó gòkè, ọ̀rọ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ìwé lè ní kí alto dúró sórí "d–d." Ohùn méjèèjì bá ara wọn mu, ó dùn létí, síbẹ̀ soprano ń kọ ìlú, alto ń kọ ìlù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì, mo máa ń ní kí gbogbo ènìyàn kọ ohùn kan náà. Orin wa kò ní ohùn púpọ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé. Olùlé a lé e, elégbè a gbè é lóhùn kan, ọ̀rọ̀ a sì dé etí gbogbo ènìyàn.

Ọmọ Obòkun fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Atẹdùùrù, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi fẹ́ tako gbólóhùn yín tí ó kẹ́yìn. Bóyá lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ni ẹ ti wò ó, nítorí elégbè ibẹ̀ máa ń gbè lóhùn kan lóòótọ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Èkìtì àti ní Oǹdó, ohùn méjì ni elégbè fi máa ń gbè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní sol-fa. Bí àwọn kan bá mú "m," àwọn kan a mú "d" lábẹ́ rẹ̀, bí ti òkè bá lọ sí "s," ti ìsàlẹ̀ a tẹ̀ lé e dé "m." Àwọn ìyá tí kò wọ ilé-ìwé rí ń ṣe é nídìí ọdún àti níbi ìnáwó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí "ìlú" yín níbẹ̀. Nítorí pé ohùn méjèèjì jọ ń gòkè, tí wọ́n sì jọ ń sọ̀kalẹ̀, ìlú ni tòkè-tìsàlẹ̀ ń kọ. Ìṣòro tí ẹ kà sílẹ̀ kò sí nínú ohùn púpọ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ó wà ni kí ohùn kan máa lọ síhìn-ín kí èkejì máa lọ sọ́hùn-ún.

Akọrin Tuntun kọ̀wé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ojú mi ti là. Ó kù díẹ̀: bí ìwé bá ti kọ "d–d" fún mi, kí ni kí n ṣe? Àti pé, ṣé bí àwọn onífújì ṣe máa ń yí ohùn lórí sílébù kan kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́?

Atẹdùùrù fèsì:

Ọmọ Obòkun, mo gbà fún ọ. Ó yẹ kí n ti yọ ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa sọ́tọ̀.

Akọrin Tuntun, àwọn onífújì jogún ohùn yíyí láti inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ sí sààrì, ibẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister ti bẹ̀rẹ̀, ipa kíké Kùránì sì hàn nínú rẹ̀. Kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́ bí akọrin bá kọ́kọ́ fi ohùn tí ó tọ́ gbé sílébù náà kalẹ̀ kí ó tó máa yí i. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ ná, wọn a sì wá yí èyí tí ó gbẹ̀yìn.

Ní ti "d–d," ẹ má ṣe dá a yí padà nínú ìjọ, nítorí tenor àti bass ti gbé ohùn tiwọn lé e. Ẹ mú un tọ adarí yín lọ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ "ìlú" fún un lórí "d–d," lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọ́ lórí "d–m," kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ méjèèjì. Bí ó bá gbà, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé gbogbo alto, kí ó má bàa jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó gòkè.