Ẹ má jẹ́ ká pè é ní "oje gẹ̀gẹ̀"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kétu.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ dábàá pé kí á máa pe họ́mọ́ọ̀nù tiróídì, ìyẹn oje tí ẹ̀yà ara kan ní ọrùn, tí wọ́n ń pè ní tiróídì, ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ní "oje gẹ̀gẹ̀". Mo gba "oje". Gẹ̀gẹ̀ ni n kò lè gbà. Àìsàn ni gẹ̀gẹ̀, ọrùn tó wú ni. Tiróídì kì í ṣe àìsàn: gbogbo wa la bí i mọ́, níwájú ọrùn, lábẹ́ gògóńgò. Ọrùn ẹlòmíràn a wú, síbẹ̀ oje inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Ti ẹlòmíràn kò wú rárá, oje sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá kan ní Àjàṣẹ́ pé "oje gẹ̀gẹ̀ yín kò tó", ìyá náà á dúpẹ́, á sì máa lọ sílé! Bó bá sì jẹ́ aboyún ńkọ́? Oje yìí gan-an ni ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ nílò láti dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní "oje ọrùn". Oríṣi rẹ̀ méjì ni T4 àti T3: T4 á jẹ́ "oje ọrùn mẹ́rin", T3 á jẹ́ "oje ọrùn mẹ́ta", nítorí iye ẹyọ àyódíìnì inú wọn ni nọ́ńbà yẹn ń kà, àyódíìnì kan náà tí wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀ ọbẹ̀.

TSH, oje mìíràn tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń dà wá láàmú jù. Ẹnìkan kọ ọ́ níbí pé bí TSH bá ga, oje ọrùn ló pọ̀. Òdì rẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. TSH kì í ti ọrùn wá. Abẹ́ ọpọlọ ló ti ń wá, òun ló ń pe ọrùn sí iṣẹ́. Ìyá tó pe ọmọ tí ọmọ kò jẹ́, ṣebí ohùn rẹ̀ á lọ sókè? Nítorí náà, ẹni tí TSH rẹ̀ ga ni òtútù sábà máa ń mú, ara rẹ̀ á wúwo, awọ rẹ̀ á gbẹ. Ẹni tí tirẹ̀ lọ sílẹ̀ jù ni àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń jẹun tó sì ń rù. Ní ọ̀pọ̀ ibi àyẹ̀wò, nǹkan bí 0,4 sí 4 ni wọ́n kà sí déédéé fún àgbàlagbà.

"Oje ìpè" ni mo dábàá fún TSH. "Ìpè ga, oje ọrùn kò tó": ẹni tí kò ka ìwé rí á gbọ́ ọ yé.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ṣé "ìpè" bá etí yín mu, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó sàn jù ú lọ?