Ọṣẹ dúdú màmá mi há sí Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ó ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò sì mọ ẹni tí mo tún lè bi.

Màmá mi ń se ọṣẹ dúdú ní Oǹdó, iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá tiwọn náà ni. Èèpo kòkó tí àwọn àgbẹ̀ bá dà sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ hóró tán ni wọ́n máa ń kó wálé, wọ́n á sá a títí á fi gbẹ, wọ́n á jó o di eérú, wọ́n á fi omi sẹ́ eérú yẹn, wọ́n á wá gbé omi ẹ̀ kaná pẹ̀lú àdín, wọ́n á máa rò ó, wọ́n á máa rò ó, títí á fi dì. Èmi ni mò ń gé e, tí mò ń wé e, tí mò ń tà á ní Àkúrẹ́ níbí àti lórí Instagram. Obìnrin kan wà ní Houston tó ti ń ra ẹyọ 24 lọ́wọ́ mi ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta láti 2022, kò sì sí wàhálà kankan rí.

Ní September 2025 mo fi 24 ránṣẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Dọ́là 96 ni mo kọ sí ìnfọ́ísì, mo san ₦62,000 fún kúríà. Ló bá débẹ̀, wọ́n ní àfi kí obìnrin yẹn san dọ́là 43 kó tó gbà á. Ó pè mí ní aago kan òru, ó ní ṣé mo ti ń fi owó lé ọjà láì sọ fún òun ni. Ó kọ̀, kò san án. Ní báyìí wọ́n ní kí n sanwó kí wọ́n fi dá a padà wá sílé tàbí kí wọ́n dà á nù. Ọṣẹ tí màmá mi fi ọjọ́ méjì jókòó ti iná ẹ̀!

Ẹlòmíì tún wà ní London tó ń bèèrè bóyá VAT ti wà nínú iye tí mo pè. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Hamburg náà fẹ́ràn ọjà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ta ni ó dúró fún un ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ yẹn ò tiẹ̀ yé mi rárá. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kúkú fi òkè òkun sílẹ̀ ni?

Àǹtí Wébíìlì, Alágbàká

Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi. Iṣẹ́ kúríà ni mò ń ṣe, ó sì ju ogún èèyàn lọ tó ti wá bá mi pẹ̀lú irú ẹjọ́ yìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Amẹ́ríkà ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní de minimis, ẹrù tí iye ẹ̀ ò bá ju dọ́là 800 lọ, wọn ò ní gba owó ibodè lórí ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí gbogbo àwa tí à ń ta nǹkan wẹ́wẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè máa fi ránṣẹ́ láì ronú. Wọ́n kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ọjà China ní May 2, 2025, nígbà tó wá di August 29 ọdún yẹn wọ́n gbà á lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọṣẹ yín ló bọ́ sínú ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin yẹn náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Owó tí wọ́n bù lé ọjà Nàìjíríà lásìkò tí tiyín wọlé jẹ́ 15%. 15% lórí dọ́là 96 kò ju dọ́là 14 àti sẹ́ńtì 40 lọ. Dọ́là 43 tí wọ́n pè, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ owó iṣẹ́ kúríà fúnra ẹ̀ ni, owó pé àwọn bá yín dúró níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tú u palẹ̀ fún yín, èló ni ti ìjọba, èló ni tiwọn. Kúríà yàtọ̀ síra lórí èyí gan-an, kí ẹ tó fi òmíràn ránṣẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ bíi mẹ́ta. Ẹ tún sọ fún wọn pé DDP lẹ fẹ́, ìyẹn ni pé ẹ̀yin tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ máa san owó ibodè láti ìhín, tí ẹ máa ti kà á mọ́ owó ọjà, kí ẹnikẹ́ni má pe oníbàárà yín lójijì mọ́. Iye tí wọ́n ń gbà yẹn kì í dúró sójú kan o, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ ni kí ẹ bèèrè ti ọjọ́ yẹn.

Ẹ bá mi fi fọ́tò léébù yín síbí, mo fẹ́ rí ohun tí ẹ kọ sára ẹ̀.

Ọmọ Ìjàpọ̀

Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú jàre, ẹ kọ gift sí i, ẹ kọ dọ́là 20. Gift tí ò bá tó dọ́là 100 ṣì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Àgbà Oníṣòwò, Òkè-Àrò

Ọmọ mi, má gbà wọ́n níyànjú báyẹn. Òótọ́ ni pé ẹ̀bùn tí ò tó 100 ṣì ń kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí èèyàn fún èèyàn ni, kì í ṣe ọjà tí ẹnì kan ti sanwó ẹ̀ tí ojú ewé Instagram yín sì ń pariwo ẹ̀ fáyé gbọ́. Tí wọ́n bá mú un, orúkọ obìnrin tó ń gbà á ní Houston ló máa wọ inú ìwé wọn, òun tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun kejì, tẹ́ ẹ bá kọ 20 tí kúríà bá sọ ọ́ nù, 20 yẹn ni wọ́n máa dá padà fún yín. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí aṣọ òfì, omi ojú ló fi wẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Àkúrẹ́

Ẹ ṣé gan-an bàbá, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí Wébíìlì, fọ́tò ọ̀hún rèé. Fún àwọn tí dátà wọn ò ṣí i, ohun tó wà níbẹ̀ ni: Ọṣẹ Dúdú Oǹdó, ó ń wo ìfo, làpálàpá àti irorẹ́. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà fóònù mi.

Apòògùn Ọ̀yẹ́mẹkùn

Háà. Àbúrò, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi hàn wá. Lójú FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ọṣẹ tí wọ́n fi òróró àti omi eérú sè, tó jẹ́ pé ìwẹ̀ nìkan lẹ sọ pé ó wà fún, ọṣẹ lásán ni, kò tiẹ̀ sí lábẹ́ òfin ìpara àti ohun ìṣaralóge wọn. Ẹ rí i pé ti màmá yín bọ́ síbẹ̀ rẹ́gí, eérú kòkó àti àdín, kò sí kẹ́míkà míì. Tẹ́ ẹ bá wá kọ ọ́ pé ó ń mú ara dán tàbí ó ń jẹ́ kí awọ ara rọ̀, ó ti di ìpara, òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 tí wọ́n ń pè ní MoCRA máa kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi apá kan rẹ̀ dá àwọn oníṣẹ́ kékeré sí, àwọn tí ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ò tó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ó ń WO ìfo, ó ń WO làpálàpá, oògùn lẹ pè é yẹn. Oògùn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí! Wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e ní ibodè láì bèèrè owó kankan lọ́wọ́ yín.

Ọṣẹ yẹn kan náà ni o. Ọ̀rọ̀ tó wà lára bébà ló ń sọ ọ́ di nǹkan mẹ́ta. Torí náà ẹ kọ ọṣẹ, ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀, ibi tí wọ́n ti sè é, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ewé Instagram náà, torí ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ wọ́n ń kà á mọ́ léébù. NAFDAC ilé wa náà ò fẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lára ọṣẹ, ẹ lọ bá wọn nípa nọ́ńbà, ẹ má fi falẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Leicester

Ẹ jẹ́ kí n mú ti London àti Hamburg. Níbí, láti January 1, 2021, ọjà tí ò bá ju pọ́n-ùn 135 lọ, ẹni tó tà á ló yẹ kó gba VAT 20% lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tó ń sanwó, kó sì fi í fún ìjọba ibí. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ń retí pé kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fún VAT ní ìlú ọba. Tó bá jẹ́ orí sáìtì ọjà ńlá lẹ ti tà á, sáìtì yẹn ló máa gbà á, ẹ ò ní ṣe wàhálà. Fún ẹni tó ń ta ẹyọ mẹ́fà lóṣù lórí Instagram, èmi ò rò pé ó tọ́ kẹ́ ẹ kó ara yín sí wàhálà ìwé yẹn, ẹ wá sáìtì.

Yúróòpù náà, láti July 1, 2021 ni wọ́n ti fòpin sí ti ẹrù tí ò ju yúró 22 lọ tó máa ń wọlé láì san VAT, ẹrù kóbọ̀ pàápàá ń san báyìí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró fún un yẹn sì le díẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn (àti lọ́dọ̀ wa níbí), kò sí ọ̀rọ̀ ọṣẹ lásán, ọṣẹ ìwẹ̀ ìpara ni lójú òfin. Òfin 1223/2009 ní gbogbo ìpara gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó wà nínú Yúróòpù tó máa jẹ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ sì ti kọ ìwé pé kò ní ṣe awọ ara ní jàǹbá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù Hamburg yẹn ló ra ọjà yín tó sì kó o wọlé fúnra ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ẹni náà. Torí náà ẹ má gbà kí wọ́n gbé e lé yín lórí. Ẹ sọ fún wọn pé, ẹ̀yin lẹ kó o wọlé, èmi á fún yín ní gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ àti bí a ṣe ń sè é, ẹ̀yin ẹ ṣe ìwé yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ ọjà náà lóòótọ́, wọ́n á ṣe é.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, FUTA

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ronú pé kẹ́ ẹ ta ìmọ̀ náà? Fídíò bí màmá ṣe ń sè é, láti èèpo kòkó dé ibi tó ti dì. Láti 1998 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú àjọ òwò àgbáyé, èyí tí Ngozi Okonjo-Iweala wa ń darí láti 2021, ti fẹnu kò pé àwọn ò ní gba owó ibodè lórí ohun tó bá gba orí wáyà wọlé. Wọ́n ń sún un síwájú ni, àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹ́ kó dópin, ìpàdé wọn ní Abu Dhabi ní 2024 ni wọ́n tún ti sún un, kò sì ju March 2026 lọ tí wọ́n sún un dé, torí náà ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣì dúró. VAT ṣì máa ń wà lórí ẹ̀ ní Yúróòpù o, ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kúríà, kò sí páálí.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ lé ojú ewé kan ṣoṣo. Orí Twitter ni gbogbo oníbàárà mi wà nígbà tí ìjọba wa tì í pa ní June 5, 2021. Títí di January 2022 ni. Ọjọ́ 222! Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lókè òkun rò pé mo ti kú ni, mi ò sì ní ímeèlì ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ gba ímeèlì wọn, àmọ́ ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó gbà á, òfin ààbò dátà ti 2023 fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Kòkó, Oǹdó

Ti òkè òkun nìkan lẹ ń sọ, tilé ń kọ́? Báńkì àpapọ̀ ní ọjà tó bá ń jáde fún títà gbọ́dọ̀ ní Form NXP, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọjà tó ń jáde, kẹ́ ẹ tó rí i gbà, owó ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé padà láàárín 180 ọjọ́. Èmi tí mò ń bá wọn kó kòkó lọ mọ bó ṣe ń rí, ìwé tí wọ́n ń béèrè lórí kọ̀nténà kòkó ni wọ́n fẹ́ kí ọlọ́ṣẹ 24 náà kọ. Ó dùn mí gan-an. Ní 2025 kọ́sítọ́ọ̀mù wa gbà kí ẹrù wẹ́wẹ́ tí ò ju dọ́là 300 lọ máa WỌLÉ láì san owó ibodè, èyí tó ń jáde ńkọ́? Kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún wa náà, fọ́ọ̀mù kan péré tí obìnrin ọlọ́jà lè fi fóònù ẹ̀ kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ forúkọ NEPC sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kó ọṣẹ náà pọ̀. Ẹ má fi 24 ránṣẹ́ mọ́, ẹ kó 300 lẹ́ẹ̀kan, kí obìnrin Houston yẹn rà á lọ́wọ́ yín ní iye ọlọ́pọ̀, kó máa tà á fún àwọn tó wà nítòsí ẹ̀. Iye tó fi rà á lọ́wọ́ yín gan-an ni wọ́n máa fi ṣírò owó ibodè, owó iṣẹ́ kúríà yẹn á sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá ti ju dọ́là 2,500 lọ, ìwé tí wọ́n máa béèrè lọ́hùn-ún náà ò ní pọ̀.

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ní láti padà wá sọ bó ṣe ń lọ. Kúríà ti tú owó yẹn palẹ̀, bí Àǹtí Wébíìlì ṣe sọ ọ́ ló rí, dọ́là 14 àti kóbọ̀ ni ti ìjọba, tiwọn ló kù. Mo pe obìnrin Houston, mo ka gbogbo ẹ̀ fún un, mo ní kó jẹ́ ká pín in sí méjì, ó gbà, ó tiẹ̀ ní kí n má bínú pé òun pariwo. Ọṣẹ yẹn ti dé ọwọ́ ẹ̀ ní àná. Ó ní òun á ronú sí ti 300 yẹn, ṣọ́ọ̀bù onírun kan wà ládùúgbò òun.

Léébù ló wá kù. Mo gbé tuntun lọ han màmá mi ní Oǹdó, Ọṣẹ Dúdú, eérú èèpo kòkó, àdín, omi, gíráàmù 150. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí tí tí, wọ́n ní, "Ìfo tó ń wò ńkọ́? Ṣé kò wò ó mọ́ ni?" Mo ní ó ń wò ó màmá, a kàn ò ní kọ ọ́ ni. Wọn ò fèsì, wọ́n padà sídìí iná. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá tiwọn ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kiri.

Ta ló sì mọ ẹni tó ń tẹ léébù tí omi ò lè bà jẹ́ ní Arákàlẹ̀?

Apòògùn Ọ̀yẹ́mẹkùn

Ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n máa fi ẹnu wọn sọ ọ́ fún àwọn aráalé bí ìyá wọn ṣe ń sọ ọ́. Bébà ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ti léébù, ẹ wọ ìnbọ́ọ̀sì mi, màá júwe ẹnì kan fún yín.