Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ní «positif» fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ọmọ ò húkọ́

Ìyá Àdùkẹ́, Kétu:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó ti ń lo oògùn. Wọ́n wá ní kí gbogbo wa ṣàyẹ̀wò. Lábò kan ní Àjàṣẹ́ ló gba ẹ̀jẹ̀ Àdùkẹ́, ọmọ ọdún 19. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni «QuantiFERON: positif». Ọmọ yìí ò húkọ́, kò rù, ọkà kì í ṣẹ́ kù nínú abọ́ ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ya abọ́ àti ife ẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara ẹ̀ ò yá ni? Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè là á fún wa?

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀:
Ẹ kú àníyàn, Ìyá Àdùkẹ́. Àyẹ̀wò yẹn kì í wá kòkòrò fúnra ẹ̀. Wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ èròjà ara kòkòrò ọ̀hún, wọ́n á wò ó bóyá àwọn ọmọ ogun ara á tú interferon gamma, èròjà tí wọ́n fi ń ké síra wọn, jáde. Bí wọ́n bá tú u, wọ́n ti pàdé ẹ̀ rí nìyẹn. Ṣé kòkòrò ọ̀hún sùn ni, àbí ó ń jà lọ́wọ́? Ìwé yẹn ò lè sọ. Ẹlòmíì wà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe gan-an tí tiẹ̀ á jáde ní «négatif». Ẹ lọ ya fọ́tò àyà. Bí kẹ̀lẹ́bẹ̀ bá wà, kí wọ́n fi GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ọ̀hún fúnra ẹ̀, wò ó, kì í ju bíi wákàtí 2 lọ.

Àgbẹ̀ Ìlárá:
Ẹ fún un ní àgbo gbígbóná, ẹ jẹ́ ká sinmi.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀:
Bàbá, ẹ má bínú, àgbo ò kan èyí.

Ọmọ Lábò, Àjàṣẹ́:
Màmá, ìbéèrè yín gan-an làwọn onímọ̀ ń lé kiri. Lọ́dún 2010, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature tó fi àmì RNA (iṣẹ́ tí jíìnì ń rán) 393 inú ẹ̀jẹ̀ ya aláìsàn sọ́tọ̀ lára ẹni tí kòkòrò sùn sí lára. Ní 2016, àwọn míì dín in kù sí jíìnì 3 péré: GBP5, DUSP3 àti KLF2. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà pẹ̀lú máa ń ru irú àmì bẹ́ẹ̀ sókè. CRP, èròjà tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí àìsàn bá ń bá ara jà, ńkọ́? Ibà lásán ti tó láti gbé e sókè, ibà sì rèé, kò wọ́n níbí. Àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá «anticorps» (ohun ìjà tí ara ń ṣe sí kòkòrò) tí wọ́n ń tà kiri, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má lò ó láti 2011. Ẹ má náwó sí i.

Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n dájú ni oògùn. Ti ẹni tí kòkòrò sùn sí lára lè jẹ́ oríṣi 1 tàbí 2. Ti aláìsàn jẹ́ oríṣi 4 níbẹ̀rẹ̀, fún oṣù 6. Bí wọ́n bá fún aláìsàn ní ti tàkọ́kọ́, kòkòrò á mọ oògùn, á sì lágídí. Nínú 100 ẹni tó ní èyí tó sùn, 5 sí 10 ló máa ń di àìsàn láyé wọn.

Ìyá Ìbejì:
Abọ́ kọ́ ló ń ran èèyàn o! Afẹ́fẹ́ ẹnu ẹni tó ń húkọ́ ẹ̀ ni. Ẹ sọ fún ìyá kí wọ́n dá abọ́ ọmọ padà.

Ìyá Àdùkẹ́, Kétu:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ Ajé la máa lọ ya fọ́tò. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n abọ́ ò ní kúrò níbi tó wà títí fọ́tò á fi jáde. Ta ló mọ iye tí wọ́n ń gbà?