Ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí òun yọ Windows kúrò nítorí géèmù

Ìyá Ìbejì, Sábó Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aṣọ ni mò ń tà, n ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, torí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Mo ní láptọ́ọ̀pù Dell Latitude kan, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Computer Village n'Ìkẹjà. Orí rẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ mí lówó sí. Láti oṣù kẹwàá 2025 ló ti ń kọ ọ́ sójú mi pé àsìkò Windows 10 ti tán. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e lọ sí 11, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní ẹ̀rọ náà ti dàgbà jù.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wá ní kí n jẹ́ kí òun yọ Windows kúrò pátápátá, kí òun gbé Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo, géèmù òun á sì máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló já mi láyà. Bí ọmọ yìí bá ti dárúkọ géèmù, àpò mi ni mo kọ́kọ́ máa ń dì mú. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé kò sí géèmù lórí Linux. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ìwé gbèsè mi ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútè

Ìyá Ìbejì, ẹ má dá a lóhùn jàre. Ìwé ni kó kà.

Ìyá Ìbejì

Ó ti kà á, sà. Ó ti ṣe JAMB, ilé ló wà tó ń dúró. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro mi.

Atúnláptọ́ọ̀pù-ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ System, kí ẹ wá tẹ About. Kí ni wọ́n kọ síwájú Processor àti RAM?

Ìyá Ìbejì

i5-6300U. RAM 8.

Atúnláptọ́ọ̀pù-ṣe

Ìran kẹfà nìyẹn. Láti ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń gbà lára Intel, torí náà ẹni tó dá yín lóhùn kò rẹ́ yín jẹ.

Àbúrò yín náà kò parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ti pẹ́. Tẹ́lẹ̀, Windows ni àwọn tó ń ṣe géèmù ń ṣe é fún, ẹni tó bá wà lórí Linux á wulẹ̀ máa wòran ni. Ètò kan tó ń jẹ́ Wine ti ń gbìyànjú láti 1993 kí nǹkan Windows lè ṣiṣẹ́ lórí Linux, ṣùgbọ́n fún géèmù, ẹni tó bá ní sùúrù gan-an ló ń jàǹfààní rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2018 ni Valve, àwọn tó ni Steam, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ra géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi Proton sínú Steam. Wine yẹn náà ni, wọ́n kàn fi àwọn nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe: géèmù á máa sọ èdè DirectX tí Windows gbọ́, Proton á sọ ọ́ di Vulkan, èyí tí Linux gbọ́. Ọmọ yín kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ń túmọ̀. Á tẹ Play, á sì wọlé.

Kì í ṣe àánú ló ń ṣe wọ́n o. Láti oṣù kejì 2022 ni wọ́n ti ń ta Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tó jẹ́ pé Linux ló wà nínú rẹ̀. Bí géèmù ò bá ṣiṣẹ́ lórí Linux, ọjà tiwọn ló máa kú. Ní oṣù kẹwàá 2025, àwọn tó ń lo Linux lórí Steam kọjá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn ò pọ̀, àmọ́ ẹ ò lè sọ pé wọn ò sí mọ́.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ẹ tó gbà fún un, ẹ kọ́kọ́ bi í: géèmù WO? Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Èmi ń lo Linux Mint, ẹ̀yà Linux kan, láti ọdún tó kọjá, mo sì mọ ibi tó ti dùn mí.

Géèmù téèyàn ń dá ta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń bá ara wọn ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń ní ẹ̀ṣọ́ tó ń mú olójòóró. Ẹ̀ṣọ́ ti Valorant, inú ọpọlọ Windows gan-an ló ń jókòó sí, kò sì sí àga fún un lórí Linux. Fortnite kò ṣiṣẹ́. Àwọn Call of Duty tuntun kò ṣiṣẹ́. EA FC, géèmù bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ FIFA tẹ́lẹ̀, náà kò ṣiṣẹ́, láti FIFA 23 ni wọ́n ti fi ẹ̀ṣọ́ tiwọn sí i. GTA V, ti ìtàn inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ Online rẹ̀ ti kú fún wa láti oṣù kẹsàn-án 2024 tí wọ́n ti gbé ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ BattlEye sí i.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé láti 2021 ni BattlEye àti ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Easy Anti-Cheat, ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún Proton. Ẹni tó ni géèmù ló kù kó gbà. Àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀. Apex Legends tiẹ̀ gbà wá wọlé tẹ́lẹ̀, ìparí oṣù kẹwàá 2024 ni wọ́n lé wa jáde, wọ́n ní ẹ̀yìn Linux ni àwọn olójòóró ń gbà wọlé.

Counter-Strike 2 àti Dota 2 kò tiẹ̀ nílò ògbufọ̀. Fún àwọn yòókù, kó wá orúkọ géèmù náà sórí ìkànnì ProtonDB. Àwọn tó ti dán an wò ló ń kọ síbẹ̀. Tó bá rí Platinum tàbí Gold, kó fọkàn balẹ̀. Tó bá rí Borked, kó gbàgbé ẹ̀.

Ọ̀gá Tísà, Ìjẹ̀dẹ́

Ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan bá mi fi Linux sí tèmi. Ó dé ibi tí wọ́n kọ "Erase disk" sí, ó tẹ̀ ẹ́. Máàkì táàmù mẹ́ta àti fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi lọ níbẹ̀. Ó ní "sà, mo rò pé ẹ ti kó wọn." Èmi náà rò pé ó ti kó wọn.

Ìyá Ìbejì

Yéè! Tísà, ẹ ti jẹ́ kí àyà mi já.

Mo ti bi í. FC, GTA "pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́", Football Manager 2024, àti PPSSPP, èyí tó ń jẹ́ kí géèmù PSP ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìgbógbó sí i létí, ó dákẹ́. Ó wá ní òun mọ̀ nípa FC, pé òun kàn fẹ́ dán an wò bóyá ni.

Atúnláptọ́ọ̀pù-ṣe

Hẹn ẹn. Ká sòótọ́, FC kò lè sáré lórí ẹ̀rọ yẹn bí ẹ bá tiẹ̀ fi Windows sílẹ̀. Ohun tó ń gbé àwòrán nínú rẹ̀ kéré. Linux kì í sọ ẹṣin arúgbó di ọmọ ẹṣin. Football Manager á lọ, PPSSPP á lọ geere.

Ìmọ̀ràn mi rèé: ẹ má yọ Windows. Díìsìkì ni kí ẹ yọ. Ẹ ra díìsìkì SSD mìíràn, 256GB ti tó, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín tú ìdí ẹ̀rọ náà, kó fa ti Windows jáde, kí ẹ wé e sínú nkan kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí yín. Orí tuntun ni kó gbé Linux Mint sí. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó kankan, kó kọ́kọ́ fi Mint sórí fúláàṣì, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan yín. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ṣí ìwé gbèsè yín wò.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútè

Èyí mọ́gbọ́n wá. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìyá Ìbejì (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)

Ẹ kú àdúrótì o. A dán ti fúláàṣì wò ní Sátidé. Iná lọ ní ìdajì, ọpẹ́lọpẹ́ bátìrì. LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣí ìwé, ló fi ṣí ìwé gbèsè mi. Èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í, mo ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pé, títí kan oníbàárà Agric tó jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún láti ọdún àjíǹde, pẹ̀lú ọ̀dà pupa tí mo fi kun orí orúkọ rẹ̀. Ẹnu mi ò lè gbà á.

A ra díìsìkì tuntun náà. Ti Windows wà nínú àpótí mi lábẹ́ léèsì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. PPSSPP ń ṣiṣẹ́. Tó bá wu ọmọ náà láti ta FC, á lọ sí ilé géèmù, owó ara rẹ̀ ló ń ná.

Ó wá kù ọ̀kan. Ó ní òun nílò owó dátà láti fa Football Manager wálẹ̀, pé ó pọ̀. Àbí ẹ̀tàn ni?

Ọmọ Ìgbógbó

Kò nílò owó dátà tuntun mà, àfi díẹ̀. Géèmù yẹn wà lórí díìsìkì tó wà lábẹ́ léèsì yín. Kó wá okùn tí wọ́n fi ń so díìsìkì mọ́ USB, kó da fódà géèmù náà kọ láti inú fódà Steam tó ń jẹ́ steamapps/common sí ibi kan náà lórí Linux, kó wá tẹ Install. Steam á rí i pé ó ti wà, á yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ̀nba tó bá kù ló máa fà. Kó má ṣe ta á láti orí díìsìkì Windows yẹn tààrà o, Proton kì í bá NTFS, ọ̀nà tí Windows ń gbà to nǹkan sórí díìsìkì, rẹ́ dáadáa.

Tó bá sì kọ "Processing Vulkan shaders" nígbà àkọ́kọ́, kó má pa á. Kò tíì kú. Ó ń múra ni.

Ìyá Ìbejì

Àá! Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni o. Ẹ jẹ́ kí n pè é wá.